Orúkọ Tí Ẹnu Mi Kọ̀ Láti Pè

Ojo ni mí. Kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé akọni obìnrin kan ló ń ròyìn níbí. Nígbà tí mo wà nílé, bí ààrá bá ń sán, abẹ́ ìbùsùn Màámi ni wọ́n ti máa ń bá mi, mo sì ti di olùkọ́ nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà o. Nítorí náà, ní òwúrọ̀ tí mo kọ́kọ́ jí ní Peckham, tí fèrè ọkọ̀ ọlọ́pàá han gooro lábẹ́ fèrèsé mi, mi ò yọjú wò ó. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí, mo di etí mi méjèèjì, mo ń retí kí wọ́n wá kan ilẹ̀kùn. Mo rò pé èmi ni wọ́n wá mú.

Ìwé mi pé. Mi ò jí nǹkan ẹnikẹ́ni, mi ò sì parọ́ fún ìjọba. Ṣùgbọ́n ìwé tó gbé mi dé ìlú yìí, orí iṣẹ́ kan ṣoṣo ló dúró lé: mò ń tọ́jú àwọn arúgbó fún ilé-iṣẹ́ kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Catford. Bí wọ́n bá dá mi dúró, tí mi ò sì tètè rí ilé-iṣẹ́ mìíràn tó máa gbà mí, ìjọba á ní kí n máa lọ sílé. Ilé wo? Mo ti fi iṣẹ́ olùkọ́ mi sílẹ̀, ẹlòmíràn sì ti ń lo ṣọ́ọ̀kì mi. Mo ti kí gbogbo àdúgbò pé ó dìgbóṣe, wọ́n ti ṣàdúrà fún mi, wọ́n ti ya fọ́tò. Bí mo bá rántí pé mo lè padà lọ bá wọn lọ́wọ́ òfo, ara mi a bù máṣọ.

Aunty Risi ni mo sọ ọ́ fún. Àwọn ló ni ilé tí mo gba yàrá kan nínú rẹ̀, ọmọ Ìbàdàn ni wọ́n, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó yìí kan náà ni àwọn náà ń ṣe ní Sydenham, wọ́n sì ti pẹ́ nídìí rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú wọn.

"Ìwọ yìí náà! Siren lo ń sá fún ní Peckham? Everyday ni siren ń dún níbí. Bí o bá ń bẹ̀rù siren, o ò ní lè lọ shift kankan. Complaint ni kó o máa bẹ̀rù, ṣé o gbọ́? One complaint báyìí, office á ní kó o wá, before you know it, sponsorship ti lọ nìyẹn. Jẹun jàre, oúnjẹ rẹ ti ń tutù."

Wọ́n rò pé àwọn ń tù mí nínú ni. Láti ọjọ́ yẹn, nǹkan méjì ni mò ń bẹ̀rù dípò ẹyọ kan.

Ilé Bàbá Marcel ni wọ́n kọ́kọ́ rán mi lọ. Ẹ̀yìn Rye Lane ni ilé náà wà, ìsàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé kan tó máa ń há bí òjò bá rọ̀. Àwọn nìkan ló ń gbébẹ̀. Ìyàwó wọn ti kú, ọmọ wọn obìnrin, Aunty Claire, ń ṣiṣẹ́ nílé-ìwé kan ní Catford, ó sì máa ń wá tó bá ti jáde lẹ́nu iṣẹ́. Ọpọlọ Bàbá ti ń ṣe ségesège. Àwọn ọjọ́ kan wà tí wọ́n á sọ̀rọ̀ tó já gaara, wọ́n á tún fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ọjọ́ mìíràn wà tí wọn ò ní mọ yàrá ìdáná yàtọ̀ sí ilé ìwẹ̀.

Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, mo wọlé, mo rí àgbàlagbà lórí àga, mo sì ṣe ohun tí wọ́n fi kọ́ mi láti kékeré. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Good morning, sir." Bàbá wò mí, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wá rọra tẹ̀ba kúrò lórí àga, àwọn náà dórí eékún. Wọ́n ń fọwọ́ tá abẹ́ àga. Wọ́n rò pé mo sọ nǹkan nù, wọ́n ń bá mi wá a! Àwa méjèèjì la jọ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó gbà mí lágbára kí n tó gbé wọn padà sórí àga, gbogbo ìgbà tí mo sì fi ń gbé wọn, ohun tí mò ń rò ni pé bí wọ́n bá fi orúnkún ṣèṣe, complaint nìyẹn.

"Marcel," wọ́n ní, wọ́n fọwọ́ gbá àyà ara wọn. "Marcel ni kó o máa pè mí."

Orí mi wú. Bàbá tó ju bàbá tó bí mi lọ! Ní ọ́fíìsì, wọ́n ti sọ ọ́ fún wa tẹ́lẹ̀ pé orúkọ tí oníkálùkù bá fẹ́ ni ká máa fi pè é, mánéjà sì ti kìlọ̀ fún mi ní pàtó pé orúkọ wọn gan-an nìkan ni Bàbá yìí ṣì ń jẹ́ dáadáa. Mo ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ya ẹnu láti pè é, ṣe ló máa ń dà bí ẹni pé mo fẹ́ bú wọn. Mo bá ń pè wọ́n ní Daddy. Bí mo bá wà níwájú wọn tí mo sì fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n á mọ̀ pé àwọn ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ìyẹn sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ náà tẹ́ Màámi lọ́rùn ju tèmi lọ. Wọ́n máa ń pè mí ní ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ilé ìwẹ̀ ni mo sì máa ń wọ̀ lọ dáhùn, nítorí ojú títì ni fèrèsé yàrá mi kọ sí, mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ fèrè kankan.

"Kí lo ń pe bàbá tí ò ń tọ́jú?"

"Daddy ni, Màámi."

"O káre. Má jẹ́ kí ìlú òyìnbó sọ ọ́ di aláìlẹ́kọ̀ọ́ o. Ṣé ẹ̀rù kì í bà ọ́ níbẹ̀ yẹn?"

"Ẹ̀rù kẹ̀? Rárá o, Màámi."

Orí ìdérí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo jókòó sí tí mò ń sọ bẹ́ẹ̀, mo di fóònù mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Wọ́n ṣàdúrà fún mi, mo ṣe àmín, wọ́n sì fi fóònù lé ọwọ́ ìyá Sàlámì tó wá kí wọn. Mo tún sọ fún ìyẹn náà pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa.

Kò pẹ́ tí mo débẹ̀ ni fèrè kọ́kọ́ dún nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ Bàbá. Mò ń fọ abọ́ lọ́wọ́. Ọkọ̀ ọlọ́pàá mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló jọ ń sáré kọjá, gbogbo wọn ń han. Èmi sá wọ ẹ̀yìn fíríìjì. Bàbá dìde lórí àga, wọ́n mú fìlà, wọ́n sì ń sáré lọ síbi ilẹ̀kùn. Fèrè kan náà ni o: èmi ń sá wọlé, àwọn ń sá jáde. Nígbà tí mo rí i pé wọ́n ti ń fa kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, ẹ̀rù iṣẹ́ borí ẹ̀rù fèrè, mo sáré dí wọn lọ́nà. Wọn ò bá mi jà. Wọ́n kàn dúró, wọ́n gbé etí sí ilẹ̀kùn, ètè wọn ń mì bí ẹni tó ń ka nǹkan lórí.

Aunty Claire ló wá là mí lọ́yẹ nígbà tí wọ́n dé ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n gbé tíì fún mi, wọ́n ní kí n jókòó. Wọn ò bínú, ó kàn hàn lójú wọn pé ó ti rẹ̀ wọ́n.

Abúlé kékeré kan ni wọ́n ti bí Bàbá, ní ààlà ilẹ̀ Faransé. Aunty Claire ní bí ènìyàn bá gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ kọjá, tó la oko ewébẹ̀ kan já, ó ti bọ́ sí ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù nìyẹn, kò sì ní mọ̀ àyàfi bó bá rí bí wọ́n ṣe kọ orúkọ òpópónà. Ilé-iṣẹ́ irin ló ni abúlé náà. Ọkùnrin kan á ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ á ṣe é, àna rẹ̀ á tún ṣe é. Iná ìléru tí wọ́n fi ń yọ́ irin kì í kú, tọ̀sán tòru, ojú ọ̀run abúlé wọn kì í ṣókùnkùn. Eruku pupa ibẹ̀ máa ń bà lé aṣọ tí àwọn obìnrin bá sá, kò sí ẹni tó ní aṣọ funfun tó funfun tán. Wọn ò ráhùn. Bí aṣọ bá pọ́n, ó túmọ̀ sí pé iṣẹ́ wà.

Fèrè ilé-iṣẹ́ náà ló ń darí gbogbo ènìyàn. Á dún kí wọ́n wọṣẹ́, á dún kí wọ́n jáde. Ṣùgbọ́n bó bá dún ní ìgbà tí kò yẹ kó dún, gbogbo abúlé mọ̀ pé ìjàmbá ti ṣẹlẹ̀. Àwọn obìnrin á fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná, wọ́n á sáré lọ sí ẹnu géètì. Wọ́n ní àṣà kan níbẹ̀. Ọ̀gá iṣẹ́ á dúró ní ẹnu géètì, á máa pe orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n bá pè á dáhùn pé "Présent", ìyẹn ni pé mo wà níhìn-ín, á wá jáde lọ bá àwọn ènìyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní lọ sílé. Kò sí ẹni tó máa lọ sílé, bí ọkọ rẹ̀ tiẹ̀ ti jáde, títí wọ́n á fi pe orúkọ tó kẹ́yìn.

"Ọ̀dọ́kùnrin ni bàbá mi nígbà náà," Aunty Claire ní. "Wọ́n pè wọ́n, wọ́n dáhùn, wọ́n jáde. Lucien ni wọ́n pè tẹ̀lé wọn, ẹ̀gbọ́n wọn. Kò dáhùn. Wọ́n tún pè é. Nígbà tí wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ìyá wọn ló kígbe láàárín èrò, ó ní 'Présent', ó ń bá a dáhùn."

Mi ò lè mu tíì náà mọ́.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, wọ́n pa iná ìléru náà. Wọ́n wó àwọn òpó èéfín gíga lulẹ̀, koríko hù síbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ń sọdá ààlà lọ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Bàbá ti fẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, wọ́n bá a wá sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọn kì í sọ̀rọ̀ abúlé yẹn fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí ọpọlọ wọn ti ń gbó ni fèrè Peckham wá di fèrè ilé-iṣẹ́ létí wọn. Bó bá ti dún, ẹnu géètì ni wọ́n ń lọ. Lucien ni wọ́n ń lọ wò.

"Jọ̀ọ́," Aunty Claire ní, "má jẹ́ kí wọ́n dá jáde. Ọkàn wọn ò lágbára. Bí wọ́n bá jáde nínú òtútù tí wọ́n ṣubú, mi ò rò pé wọ́n á dìde."

Mo ṣèlérí. Nínú bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ padà, mo ro ọ̀rọ̀ abúlé náà títí mo fi kọjá ibi tó yẹ kí n sọ̀. Ó ṣe mí bákan pé ènìyàn lè kúrò níbì kan, kí ibẹ̀ náà sì wá kúrò lẹ́yìn rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bó bá fẹ́ padà, koríko ló máa bá. Mo bi ara mi pé ta ló ń pe orúkọ tèmi ní ìlú yìí. Ọ́fíìsì ti gé orúkọ mi kù létà méjì, wọ́n ní ó gùn jù. Aunty Risi ń pè mí ní "ìwọ yìí". Bí mo bá ṣubú sí ojú títì lónìí, ta ló máa dúró ní ẹnu géètì kan tí kò ní lọ sílé títí n ó fi dáhùn? Ọ̀rọ̀ náà bà mí lẹ́rù ju fèrè lọ. Mo sọ̀, mo sì fẹsẹ̀ rìn padà sílé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rù nìkan la jẹ yó. Mo se mọ́ínmọ́ín fún Bàbá, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n pè é ní orúkọ Faransé kan tí mi ò mọ̀, wọ́n sì gbá abọ́ mọ́. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ amúlémóoru, mo mọ bọ́ọ̀sì Sydenham yàtọ̀ sí ti Catford láì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní Ọjọ́bọ̀, bí ojú ọjọ́ bá dára, mo máa ń mú Bàbá rìn jáde sí Rye Lane. Wọ́n fẹ́ràn ibẹ̀. Wọ́n á ṣí fìlà kí àwọn ẹlẹ́ja, wọ́n á fọwọ́ kan iṣu lọ́dọ̀ Mummy oníṣu bí ẹni tó fẹ́ rà á. Mummy oníṣu, tó jẹ́ ará Ìjẹ̀bú, á ní, "Oyinbo mi, good customer! Ẹ ò ra nǹkan rí, but I love you." Bàbá á rẹ́rìn-ín. Apá wọn á wà lọ́wọ́ mi, èmi kì í fi sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ kan ni mo fi sílẹ̀.

Iwájú ìsọ̀ Mummy oníṣu la dúró sí. Ọlọ́pàá méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, kọjá lára wa, wọ́n sì wọ ṣọ́ọ̀bù fóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Wọn ò tiẹ̀ wò mí. Mo mọ̀ pé ìwé mi wà nínú báàgì, mo mọ̀ pé mi ò ṣe nǹkan kan, síbẹ̀ mo yí ojú mi pa dà kúrò lọ́dọ̀ wọn, mo tẹ̀ba sórí iṣu, mo ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣà á. Ọwọ́ méjèèjì. Ìgbà yẹn gan-an ni fèrè bẹ̀rẹ̀ láti òpin Rye Lane, ọkọ̀ kan, òmíràn, wọ́n ń fa èrò ya bọ̀. Mo pa ojú mi dé títí wọ́n fi kọjá.

Nígbà tí mo lajú, Bàbá ò sí níbẹ̀.

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Èrò ni mo rí, kìkì èrò, obìnrin pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ọkùnrin tó ru àpótí ẹja. Mo pariwo, "Daddy! Daddy!" Bàbá Nàìjíríà kan tó wọ agbádá yíjú pa dà. Òmíràn tó ń yọ owó yíjú pa dà. Ẹnìkan lókè bọ́ọ̀sì yọrí. Gbogbo àgbàlagbà ọkùnrin tó wà ní Rye Lane ń wò mí, àyàfi ẹyọ kan tí mò ń wá.

"Daddy wo?" Mummy oníṣu ti jáde láti ẹ̀yìn iṣu wọn. "Ṣé oyinbo mi ni? Ah! Daddy mélòó ló wà ní Rye Lane yìí? Pe orúkọ wọn now!"

Mo ya ẹnu, orúkọ náà ò jáde. Mo mọ̀ ọ́n, ó wà lórí ahọ́n mi. Mo tún kígbe, "Daddy!" mo sì sáré. Mo dé iwájú ilé ìtajà aṣọ, mo sáré padà. Afẹ́fẹ́ tutù bí omi yìnyín, mo sì rántí pé kóòtù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo wọ̀ fún wọn, nítorí oòrùn ti ràn nígbà tí a ń jáde. Mo ń rò ó pé wọ́n ti ṣubú síbì kan. Mo ń rò ó pé ènìyàn ti yí wọn ká, pé ẹnìkan ti ń fi aṣọ bo ojú wọn. Lẹ́yìn náà mo ro iṣẹ́ mi, mo ro ìwé mi, ojú sì tì mí pé mo lè ro ìyẹn.

Mo pe Aunty Claire. Nínú ìkánjú, Màámi ni mo kọ́kọ́ pè, mo sáré gé ìpè náà. Nígbà tí Aunty Claire gbé e, mo ní, "Mi ò rí wọn mọ́. Fèrè dún, mo fi ọwọ́ wọn sílẹ̀." Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, mo ti sún mọ́ ibẹ̀. Ṣé o ti pe ọ́fíìsì?" Mo ní rárá. Wọ́n ní, "Èmi á pè wọ́n." Ó parí, mo sọ nínú ara mi. Ó ti parí fún mi.

"Police wà nínú shop yẹn," Mummy oníṣu ní. "Lọ bá wọn. Kí lò ń dúró ṣe?"

Mo lọ. Mi ò mọ bí mo ṣe lọ. Ọlọ́pàá obìnrin náà ń jáde bọ̀, mo dúró níwájú rẹ̀, èmi tí mo ń sá sẹ́yìn fíríìjì nítorí rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo ń wá Daddy."

"Bàbá rẹ ni?"

"Rárá."

"O ní Daddy."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe bàbá mi. Òyìnbó ni wọ́n. Arúgbó. Mò ń tọ́jú wọn."

Ó tẹjú mọ́ mi. Mo rò pé ìwé ló máa béèrè. Ó ní, "Kí lorúkọ wọn?"

Mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó tẹ etí sílẹ̀, mo tún un sọ.

"Èmi ò mọ̀ wọ́n lójú," ó ní, "wọn ò sì mọ ohùn mi. Ohùn tìrẹ ni wọ́n mọ̀. Pè wọ́n. Pè é sókè."

"Marcel," mo ní. Ẹnu mi wúwo. Bàbá alágbádá ṣì ń wò mí, mo sì gbọ́ ohùn Màámi nínú orí mi tí wọ́n ń bèèrè ẹni tó kọ́ mi ní irú ìwà yìí. "Marcel!" Ọmọbìnrin kan rẹ́rìn-ín. Mo rántí ọ̀gá iṣẹ́ tó dúró ní ẹnu géètì yẹn, mo sì rántí obìnrin tó dáhùn fún ọmọ rẹ̀. Mo fi gbogbo ọ̀fun mi ké e, bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó:

"Marcel!"

"Présent!"

Láti iwájú ibùdókọ̀ ojú irin ló ti wá, ohùn ọkùnrin tó le, tí mi ò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n. Mo gba àárín èrò kọjá. Bàbá dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì irin ibẹ̀, wọ́n ti ṣí fìlà, wọ́n fi ọwọ́ kan di irin géètì mú. Àwọn tó sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ń ya jáde, Bàbá sì ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ètè wọn ti dúdú nítorí òtútù. Mo bọ́ kóòtù mi, mo fi bò wọ́n.

"Lucien ò tíì jáde," wọ́n sọ fún mi.

"Ẹ jẹ́ ká lọ sílé, Daddy."

"Kò sí ẹni tó ń lọ sílé."

Ọlọ́pàá náà rọra gbá wọn lápá mú, wọ́n túbọ̀ di géètì mú. Mò ń wo àyà wọn bó ṣe ń lọ sókè sódò, ẹ̀rù bà mí pé ó fẹ́ dúró. Ìgbà náà ni mo rí Aunty Claire tó ń sáré bọ̀, fóònù wà létí wọn, mo sì mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

"Papa!" wọ́n ké. Bàbá ò yíjú. "Papa, èmi ni."

Bàbá wá wò wọ́n. Wọ́n tẹrí ba díẹ̀, bí a ṣe ń ṣe fún àlejò. "Madame, ẹ̀yin náà? Ta lẹ̀ ń dúró dè?"

Mo rí ojú Aunty Claire. Mi ò fẹ́ rí i, ṣùgbọ́n mo rí i. Wọ́n sọ ọwọ́ tí wọ́n fi di fóònù kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́.

"Bàbá mi," wọ́n ní.

"Ṣé wọ́n ṣì wà nínú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wà níbẹ̀."

"Kí lorúkọ wọn? Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n."

Aunty Claire ya ẹnu. Kò sí ohun tó jáde. Mo ti rò pé àwa Yorùbá nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń dà láàmú, pé òyìnbó á kàn pe bàbá rẹ̀ lórúkọ bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n obìnrin yìí dúró níwájú bàbá tó bí i, kò sì lè pè wọ́n lórúkọ. Wọ́n wò mí.

Mo pè é fún wọn. Mi ò kígbe lọ́tẹ̀ yìí. "Marcel."

"Présent," Bàbá ní. Wọ́n tú ọwọ́ kúrò lára géètì. Wọ́n dé fìlà wọn, wọ́n rìn lọ bá Aunty Claire, wọ́n sì ki apá wọn bọ apá rẹ̀, bí ẹni tó jáde láyọ̀ tó rí ènìyàn tirẹ̀ nínú èrò. Wọn ò bèèrè Lucien mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Fóònù ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Aunty Claire. Ohùn mánéjà wa ni, ó ń bèèrè ta ló ń pariwo, ó ń bèèrè bóyá kí wọ́n rán ẹlòmíràn wá láti ọ̀la. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo fara ti géètì. Aunty Claire gbé fóònù padà sí etí, wọ́n ń wò mí.

"Rárá," wọ́n ní, "òun náà ni kí ẹ máa rán wá. Bàbá mi kì í dáhùn tó bá jẹ́ èmi ni mo pè wọ́n."